Ọ̀nà Mẹ́rin Tí A Ń Gbà Ṣírò Àkókò Triathlon: Èwo Ló Yẹ Yín?

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún triathlon, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré tẹ̀ léra, ìbéèrè tí ará ilé máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Aago mélòó lo máa ṣe tán?" Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n máa lọ dúró sí ìlà ìparí. Òun gan-an nílò ìdáhùn náà jù wọ́n lọ. Iye wákàtí tó bá máa lò ló máa sọ iye oúnjẹ tó máa gbé sórí kẹ̀kẹ́, bó ṣe máa fẹsẹ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ lágbára tó, àti bóyá ó máa bọ́ lọ́wọ́ gbèdéke tí àwọn olùṣètò fi lélẹ̀ tàbí wọ́n máa dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn eléré sábà máa ń gbà ṣírò rẹ̀. Mo máa tẹ́ wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì máa sọ èyí tí mo fara mọ́ fún irú ẹni tó yẹ. Ìṣirò tó bá mú nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde, ẹ má fọkàn tán an. Ó yẹ kó ní nọ́ńbà ọjọ́ rere àti nọ́ńbà ọjọ́ tí nǹkan ò lọ déédéé, kí ẹ sì mọ ohun tó fa àlàfo àárín méjèèjì.

Òṣùwọ̀n ìdíje mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Sprint jẹ́ mítà 750 nínú omi, kìlómítà 20 lórí kẹ̀kẹ́, kìlómítà 5 ní ẹsẹ̀. Ti Òlíḿpíìkì jẹ́ kìlómítà 1.5, 40 àti 10. Ìdajì Ironman, tí wọ́n ń pè ní 70.3, jẹ́ 1.9, 90 àti 21.1. Odidi Ironman jẹ́ 3.8, 180 àti 42.2. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀nà ìṣirò tó dáa fún Sprint lè tan ẹni tó ń lọ fún odidi Ironman jẹ.

Kìlómítà kan náà, wákàtí ọ̀tọ̀

Ẹ wo Anne Haug, ọmọ Jámánì. Ní 2019 ó di olúborí àgbáyé Ironman ní Kona, ní erékùṣù Hawaii, wákàtí 8, ìṣẹ́jú 40 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ló fi parí. Ní 2024 ó kópa ní Roth, ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, Jámánì, ó sì parí ní wákàtí 8, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 38. Ìṣẹ́jú 37 àti ààbọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Lóòótọ́ ọdún márùn-ún ti kọjá, bàtà àti kẹ̀kẹ́ sì ti dáa sí i. Ṣùgbọ́n Kona kì í ṣe ẹgbẹ́ Roth. Inú òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n ti ń wẹ̀ ní Kona, kò sẹ́ni tó ń wọ aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń wẹ̀ nínú omi tútù. Lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ń gba àárín ilẹ̀ tí òkè oníná tú jáde, dúdú kirikiri, níbi tí igi kankan ò sí láti ṣíji boni, atẹ́gùn sì máa ń gbáni lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gùnkè lọ sí ìlú Hawi. Ooru ọ̀sán ni wọ́n fi ń sá kìlómítà 42 tó kẹ́yìn. Ní Roth, inú ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń wẹ̀, omi náà dákẹ́, kò ní ìgbì, ojú ọjọ́ ibẹ̀ sì rọni lọ́rùn ju ti Hawaii lọ.

Àpẹẹrẹ kejì tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sam Laidlow, ọmọ Faransé, ṣe ipò kejì ní Kona ní 2022 pẹ̀lú wákàtí 7, ìṣẹ́jú 42 àti ìṣẹ́jú àáyá 24. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ìdíje àgbáyé àwọn ọkùnrin lọ sí Nice, ní ilẹ̀ Faransé, ó sì borí, ṣùgbọ́n wákàtí 8, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 22 ló gbà á. Ó fi ìṣẹ́jú 24 lọ́ra sí i, síbẹ̀ òun ló gba ipò kìíní. Ibo ni ìṣẹ́jú yẹn lọ? Orí kẹ̀kẹ́ ni. Ní Kona, wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 4 ló fi gun kẹ̀kẹ́, ní Nice ó di wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 31, torí pé òkè ńlá ẹ̀yìn ìlú Nice ni wọ́n ní kí wọ́n gùn. Kẹ̀kẹ́ nìkan ti ju gbogbo ìyàtọ̀ náà lọ.

Àní ẹ tún ṣọ́ra fún èsì tó dáa ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2021, Patrick Lange fi wákàtí 7, ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú àáyá 19 borí ní Roth, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kúrú lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá mú èsì ọdún yẹn ṣe òṣùwọ̀n ti gbé ẹsẹ̀ lé ibi tí kò le.

Ọ̀nà kìíní: ẹ fọwọ́ ara yín ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan

Èyí ni pé kí ẹ mú bí ẹ ṣe ń wẹ̀, bí ẹ ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ àti bí ẹ ṣe ń sáré nígbà ìdánrawò, kí ẹ sì ro wọ́n pọ̀. Ó rọrùn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ro ìgbà tó dáa jù fún wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, bíi pé ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ń fi ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 wẹ mítà 100 nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní kìlómítà 28 láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà títẹ́jú, tó sì ń fi ìṣẹ́jú 54 sá kìlómítà 10. Ìdajì Ironman ló fẹ́ ṣe. Tó bá ṣírò bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é, ìṣẹ́jú 41 nínú omi, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 13 lórí kẹ̀kẹ́, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 59 ní ẹsẹ̀. Ó di wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 53. Inú rẹ̀ á dùn pé òun máa wọ abẹ́ wákàtí 6.

Ibi tó ti rí ìṣẹ́jú 119 ti eré ẹsẹ̀ yẹn dáa, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ìlànà Pete Riegel ni, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní 1977: ẹ mú ìjìnnà tuntun, ẹ fi ìjìnnà àtijọ́ pín in, ẹ gbé èsì rẹ̀ sí agbára 1.06, kí ẹ sì fi àkókò àtijọ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ó ń bá àwọn tó ń sáré lásán mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn kìlómítà 90 kì í ṣe ẹsẹ̀ tó jí láàárọ̀.

Nítorí náà, ẹ fi nǹkan lé gbogbo rẹ̀. Nínú omi gbalasa kò sí ìlà dúdú nísàlẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ lé. Ẹ máa gbórí sókè wo àmì, ẹ máa yà sọ́tùn-ún sósì, mítà 1,900 á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 2,000 lọ́wọ́ yín, àwọn ènìyàn á sì máa fẹsẹ̀ gbá omi sí yín lójú. Ẹ ka ibi ìpààrọ̀ mọ́ ọn, níbi tí ẹ ti máa bọ́ aṣọ rọ́bà, tí ẹ máa wá kẹ̀kẹ́ yín láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún kẹ̀kẹ́, tí ẹ tún máa padà wá wọ bàtà. Aago kì í dúró níbẹ̀. Fún eré ẹsẹ̀, ìdá 8 sí 10 nínú 100 ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń ṣe ìdajì Ironman fi lé e, tó bá jẹ́ pé ó ti ń sáré lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ déédéé nígbà ìdánrawò. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kó fi ìdá 15 lé e.

Ẹ wo ẹnì kan náà lójú ọ̀nà méjì:

| | Títẹ́jú, ojú ọjọ́ tutù | Olókè, oòrùn mú |
|---|---|---|
| Nínú omi | ìṣẹ́jú 44 | ìṣẹ́jú 47 |
| Ìpààrọ̀ kìíní | ìṣẹ́jú 5 | ìṣẹ́jú 5 |
| Kẹ̀kẹ́ | wákàtí 3, ìṣẹ́jú 13 | wákàtí 3, ìṣẹ́jú 36 |
| Ìpààrọ̀ kejì | ìṣẹ́jú 4 | ìṣẹ́jú 4 |
| Eré ẹsẹ̀ | wákàtí 2, ìṣẹ́jú 10 | wákàtí 2, ìṣẹ́jú 25 |
| Àpapọ̀ | wákàtí 6, ìṣẹ́jú 16 | wákàtí 6, ìṣẹ́jú 57 |

Àlá wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 53 ti lọ, ara ẹni náà ò sì tíì yí padà rárá.

Ọ̀nà kejì: ẹ ka èsì àwọn tó ti ṣe é níbẹ̀

Ìdíje tó bá ti pé ọdún díẹ̀ máa ń ní èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àkókò omi, kẹ̀kẹ́ àti eré ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ tiyín, ẹ wo ẹni tó wà láàárín gbùngbùn, kì í ṣe ẹni tó gba ipò kìíní. Ẹ ṣe é fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ọdún kan lè jẹ́ ọdún atẹ́gùn, òmíràn lè jẹ́ ọdún òjò.

Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀nà yìí tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí: tí ẹ bá ti ṣe ìdíje kan rí, ẹ mú èsì ìdíje yẹn, ẹ wá àwọn tí àkókò wọn sún mọ́ tiyín, kí ẹ wá wo èwo nínú wọn ló tún ṣe ìdíje tí ẹ ń lọ. Tí àwọn mẹ́fà tí ẹ jọ parí bá fi ìṣẹ́jú 30 sí 40 pẹ́ sí i níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ múra sílẹ̀ fún un. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè sọ òtítọ́ ọ̀nà náà fún yín tó bẹ́ẹ̀. Òkè, kọ́ńà, títì tó ti bàjẹ́, ibi ìpààrọ̀ tó gùn, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú nọ́ńbà wọn.

Kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀ ni pé kò mọ̀ yín. Àwọn tó ń lọ sí ìdíje olókè sábà máa ń jẹ́ ògbóǹtarìgì, ẹni àárín níbẹ̀ lè le ju ẹni àárín níbòmíràn lọ dáadáa. Ẹ má sì fi èsì Òlíḿpíìkì wé tiyín. Alex Yee gba góòlù ní Paris ní 2024 pẹ̀lú wákàtí 1, ìṣẹ́jú 43 àti ìṣẹ́jú àáyá 33, nínú odò Seine tí omi rẹ̀ ń ṣàn kíkankíkan. Níbẹ̀ wọ́n gbà kí àwọn eléré sá pamọ́ sẹ́yìn ara wọn lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n lọ ní ọ̀wọ́. Nínú Ironman àti ọ̀pọ̀ ìdíje àwa aráàlú, èèwọ̀ ni. Mítà 12 ni òfin Ironman ní kó wà láàárín yín àti kẹ̀kẹ́ tó wà níwájú, atẹ́gùn gbogbo lẹ ó fi àyà gbà fúnra yín.

Ọ̀nà kẹta: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe é

Tí kẹ̀kẹ́ yín bá ní ohun tó ń wọn agbára ẹsẹ̀ ní wáàtì, ìkànnì bíi Best Bike Split lè gba ìwọ̀n ara yín, wáàtì yín, maapu ọ̀nà àti ojú ọjọ́, kó sì sọ iye wákàtí tí ẹ máa lò lórí kẹ̀kẹ́. Ó wúlò gan-an ní ọ̀nà olókè, torí pé òkè ń ṣe ohun tí ọkàn wa kì í rò.

Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí dáadáa. Ẹ gun òkè kìlómítà 10 ní eré kìlómítà 15 láàárín wákàtí kan, ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kìlómítà 10 ní eré 45. Ọ̀pọ̀ á sọ pé eré 30 ni wọ́n fi rìn, torí pé 30 wà láàárín 15 àti 45. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gígùn gba ìṣẹ́jú 40, sísọ̀kalẹ̀ gba ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀, àpapọ̀ ìṣẹ́jú 53 fún kìlómítà 20. Eré 22.5 ni. Ohun tí òkè gbà lọ́wọ́ yín, ìsọ̀kalẹ̀ kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn tó kọjú síni nígbà àlọ tó sì tini lẹ́yìn nígbà àbọ̀.

Àti pé lójú títẹ́jú, atẹ́gùn ni ọ̀tá. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní eré 30 lọ sí 33, ìyẹn ìdá 10 nínú 100 péré, agbára tí ẹ máa fi la atẹ́gùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá mẹ́ta kan pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá tẹ orí àti èjìká mọ́lẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ fi ń jàǹfààní ju ẹni tó kàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lágbára. Ẹ̀rọ mọ gbogbo èyí, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ohun tí ẹ̀rọ kò mọ̀ ni inú yín. Kò mọ̀ pé oúnjẹ olómi kan máa ń rú yín nínú ní wákàtí kẹta. Aago ọwọ́ tó ń sọ fún yín pé ẹ lè fi wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 55 sá kìlómítà 21, ẹni tó sinmi dáadáa ló ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 3. Ẹ má kọ nọ́ńbà yẹn sínú ètò yín láìfi nǹkan lé e.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ sọ ìdíje kékeré di ńlá

Àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí máa ń sọ fún ẹni tó ń gòkè láti ìdajì Ironman sí odidi pé kó sọ àkókò rẹ̀ di ìlọ́po méjì, kó sì fi wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ lé e. Ẹni wa tó ṣe wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 16 á wá wà láàárín wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 32 sí wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 2. Ó yá, kò sì burú. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀nà tó jọra nìkan ló ti ṣiṣẹ́. Kò ṣeé lò láti Sprint lọ sí Ironman, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó parí Sprint ní wákàtí kan àbọ̀ kò tíì bá ebi orí kẹ̀kẹ́ pàdé rí.

Ebi yẹn gan-an ló ń ba ìṣirò ìdíje gígùn jẹ́. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn máa jẹ gíráàmù 60 sí 90 oúnjẹ afúnnilókun ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ti kọ́ ikùn rẹ̀ láti gbà á ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹni tó bá gbàgbé láti jẹ lórí kẹ̀kẹ́ kì í mọ̀ níbẹ̀. Kìlómítà 25 eré ẹsẹ̀ ló ń mọ̀, nígbà tí eré bá di ìrìn. Ìrìn kò sì sí nínú ìlànà ìlọ́po kankan.

Ooru àti omi tútù

Ooru máa ń jẹ́ kí ara darí ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ láti tu ara, ti ẹsẹ̀ á sì dínkù. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá tún lọ́rinrin bíi Èkó, òógùn kì í gbẹ, ó kàn ń ṣàn dànù ni, ara ò sì tutù. Ẹni tó ń dánra wò ní Èkó, tó wá ń lọ ṣe ìdíje ní Jámánì tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà eré ẹsẹ̀ tó ń rí nílé lè lọ́ra ju ohun tó máa ṣe níbẹ̀ lọ. Kó má fi ìyẹn da ara rẹ̀ láàmú. Omi ló yẹ kó ronú nípa rẹ̀: adágún lílọ́wọ́ọ́rọ́ kò mú ẹnikẹ́ni gbára dì fún omi dígírì 16, tó máa ń gba èémí lẹ́nu ẹni ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó ń lọ sí Cozumel ní Mẹ́síkò ní ìṣòro òdì-kejì, ó sì nílò bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ooru kí ara rẹ̀ tó bá a mu.

Aṣọ rọ́bà máa ń gbé ẹsẹ̀ lé ojú omi, ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ dáadáa ló sì ń ràn lọ́wọ́ jù. Nínú Ironman, àwọn tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n sì gba ẹ̀bùn tí omi ò bá ju dígírì 24.5 lọ. Tí ẹ bá mọ̀ pé omi ìdíje yín máa ń wà nítòsí nọ́ńbà yẹn, ẹ ṣírò omi lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú aṣọ àti láìsí aṣọ.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ẹni tí èyí jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ìdíje rẹ̀ kò ju ti Òlíḿpíìkì lọ, ọ̀nà kìíní tó fún un. Kó kàn má gbàgbé ibi ìpààrọ̀.

Fún ìdajì Ironman, mo fara mọ́ ọ̀nà kìíní àti ìkejì papọ̀, mi ò sì ní fi ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀. Ẹ ṣe tiyín, ẹ wá gbé e lé èsì ọ̀nà náà. Tí tiyín bá fi ju ìṣẹ́jú 20 yá ju àwọn tí ẹ jọ wà ní ipele kan lọ, èsì ọ̀nà ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ wá ohun tí ẹ gbàgbé. Orí eré ẹsẹ̀ ló sábà máa ń wà.

Ẹ̀rọ, mo máa ní kí ẹni tó ń ṣe odidi Ironman ní ọ̀nà olókè bíi Nice tàbí Lanzarote lò ó fún kẹ̀kẹ́ nìkan, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyókù. Ọ̀nà ìlọ́po kò tó dá dúró, ṣùgbọ́n ó dáa láti fi yẹ èyí tí ẹ ti ṣe wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú nọ́ńbà ọjọ́ burúkú yín lọ síwájú gbèdéke. Ọ̀pọ̀ ìdajì Ironman ń fúnni ní wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 30, odidi sábà máa ń jẹ́ wákàtí 17, àwọn kan ń dá a dúró sí 16, omi àti kẹ̀kẹ́ sì ní gbèdéke tiwọn lọ́tọ̀. Tí nọ́ńbà ọjọ́ burúkú yín bá fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí gbèdéke, ẹ lọ síbi tó wù yín. Tí ó bá ku ìṣẹ́jú 20 péré, tí ọ̀nà náà sì lókè, ẹ wá ìdíje títẹ́jú tí omi rẹ̀ dákẹ́, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọdún yìí.